Àpọ́n Tí Kò Ní Alárinà

Ọ̀rọ̀ àpọ́n ni mo fẹ́ kí a jọ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹnu bá ti kan ọ̀rọ̀ àpọ́n, ẹ̀rín ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Àwọn baba wa ní bí àpọ́n bá sun iṣu, a bù fún ewúrẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tí yóò bá a jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ẹni tí ó jẹ́ pé ewúrẹ́ ni ó ń bá jẹun ní alaalẹ́, ṣé ẹ̀rín ni ó wà nínú tirẹ̀?

Àwọn aláwàdà mọ̀ tipẹ́ pé kò sí ohun tí í tètè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín bí ọkùnrin tí ó ń wá obìnrin kiri tí kò rí. Olóògbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí Baba Sàlá, ẹni tí ó jáde láyé ní oṣù October 2018, a máa fi aago ràgàjì ṣe aago ọwọ́, a máa wọ awò ojú tí kò ní gíláàsì, síbẹ̀ yóò máa rìn tọ ọmọge lọ bí ẹni pé òun ni ó rẹwà jù láyé. Wálé Adénúgà náà bẹ̀rẹ̀ ìwé àwàdà alágbàáwòrán tí ó pè ní Ikebe Super ní 1976. Láti inú rẹ̀ ni eré Papa Ajasco ti jáde, tí ó sì dé orí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1990. Ẹ rántí Boy Alinco nínú rẹ̀: aṣọ oge, ìrìn yànyàn, ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu, lẹ́yìn náà ìtìjú. Àwọn ọmọ ilé a máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn.

Ṣùgbọ́n eré àpọ́n kan wà tí ó ju gbogbo wọn lọ ní ìyàlẹ́nu. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Man Seeking Woman ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkùnrin kan ń wá obìnrin. Simon Rich ni ó dá a sílẹ̀ láti inú ìwé ìtàn kéékèèké tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti oṣù January 2015 títí di oṣù March 2017, apá mẹ́ta ni, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 30. Jay Baruchel ni ó ṣe Josh Greenberg, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú Chicago, tí ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe eré tí a ń kó ọmọ jókòó tì. Ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá àti ìṣekúṣe wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń rò ó fún yín níhìn-ín, kí a lè jẹ ẹran ara ẹja, kí a sì tu egungun sílẹ̀.

Ohun tí ó mú eré náà yàtọ̀ nìyí: ohun tí àwa ń fi ẹnu sọ lásán, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ojú ń rí. Bí ẹnìkan ní àdúgbò wa bá ní, “Ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá fún mi yẹn, iwin ni,” gbogbo wa mọ̀ pé àfiwé ni. Nínú eré yìí, ẹ̀gbọ́n Josh obìnrin ṣàánú rẹ̀, ó ṣètò kí ó lọ pàdé ọmọbìnrin kan tí Josh kò rí rí. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, iwin gan-an ni ó bá, iwin tí ó ní irun lára, tí ó sì ń gbé inú ààtàn! Ọjọ́ náà kò parí ire. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí ibi àpèjẹ, ó sì bá ọmọbìnrin tí ó já a sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin tuntun. Ta ni ọkùnrin náà? Adolf Hitler ará Jámánì ni, ẹni tí ó dá ogun ńlá 1939 sílẹ̀, tí gbogbo ayé sì mọ̀ pé ó kú ní 1945. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ohun tí ó dun Josh jù ni pé àwọn ènìyàn yòókù kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀; wọ́n ń bá Hitler tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín.

Ní ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, Josh fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù sí ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà kan lọ! Lójijì, yàrá náà di yàrá ìgbìmọ̀ ogun. Àwọn ọ̀gágun àti àwọn olóyè jókòó yí tábìlì gbọọrọ ká, ojú wọn le koko, wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí àpọ́n yóò kọ, bí ẹni pé bí ó bá ṣì í kọ, ìlú yóò parẹ́.

Ẹ má ṣe sọ pé àṣà òyìnbó ni irú ìtàn báyìí. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò pa àlọ́ ọmọge tí ó kọ gbogbo ọkùnrin ìlú, tí ó wá rí arẹwà kan lọ́jà, tí ó sì tẹ̀ lé e láìbi ẹnikẹ́ni léèrè? Bí wọ́n ti ń lọ lọ́nà ni arẹwà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn olówó wọn, ẹsẹ̀ níhìn-ín, apá lọ́hùn-ún, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutùọlá mú irú àlọ́ yìí wọ inú ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ọmọge inú àlọ́ àti Josh inú tẹlifíṣọ̀n, ohun kan náà ni ó ṣe wọ́n. Ẹwà kọ́, owó kọ́, orí burúkú sì kọ́. Wọn kò ní alárinà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú yìí yẹ ọ̀ràn Josh wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ni ó dé tí ìlà ọ̀rọ̀ kan fi di ogun fún un? Nítorí pé òun nìkan ni ó ń sọ ọ́. Ní ayé àwọn baba wa, lẹ́yìn ìfojúsóde, alárinà ni í gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ni í gbé èsì bọ̀. Bí ọmọbìnrin bá kọ̀, ojú kò ti ọkùnrin ní gbangba, nítorí alárinà mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ sínú ewé. Kí ni ó dé tí Hitler fi jókòó ní àpèjẹ tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ibi tí ó ti wá? Nítorí pé kò sí ìwádìí. Ní ilẹ̀ wa, kí a tó dé orí ìjọ́hẹn, ìtọrọ àti ìdána, àwọn àgbà ti wádìí ilé náà délẹ̀: ṣé oníjà ni wọ́n, ṣé olè ni wọ́n, ṣé àìsàn kan wà nínú ìran wọn? Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín dùn ní àpèjẹ, kò tíì fi hàn wá bí ó ti rí nílé.

Ti iwin wá ńkọ́? Ẹnìkan lè sọ pé, “Ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó ṣe alárinà níbẹ̀?” Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣe é láàbọ̀. Àánú nìkan ni ó fi ṣe é. Alárinà tí kò bi ọkùnrin léèrè ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, tí ó kàn rí àpọ́n kan níhìn-ín àti ẹnìkan tí kò lọ́kọ lọ́hùn-ún, tí ó sì tì wọ́n pọ̀ bí ẹni ń ti ẹrù sínú mọ́tò, irú wọn ni ó ba orúkọ alárinà jẹ́ lójú àwọn ọmọ ìwòyí. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Wàyí o, ẹ wo Ọmọ́lé àti agbègbè rẹ̀. Ó wà láàárín Ọgbà, Òjòdù àti Ìṣẹrí, kò sì jìn sí Agídíngbí àti Aláúsá. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1950 ni apá ibí yìí ti ń fa àwọn ọ̀dọ́ wá láti Ìlọrin, láti Ìwó, láti Ẹdẹ, láti Ìṣẹ́yìn, láti Ìjẹ̀bú. Ọ̀dọ́mọkùnrin á dé, á rí iṣẹ́ ní báńkì tàbí ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan, á gba yàrá ẹyọ kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀fù-kọ̀ntéènì nínú ọgbà tí ó ní géètì. Yóò kírun àsùbáà, yóò jáde; ìṣáì yóò ti kọjá kí ó tó ti inú gó-síló ọkọ̀ ní Bẹ́gà bọ́ sílé. Ẹni tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé agbo ilé ni ó wà, ìyá àgbà kan ì bá ti pè é pé, “Ọmọ mi, wá jókòó. Ọjọ́ orí rẹ ti tó. Mo rí ọmọ kan ní ilé Lèmọ́mù.” Nínú ọgbà onígéètì, ta ni yóò pè é? Tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀ ni ó di ìyá àgbà. Yóò máa fi ìka yí àwòrán àwọn obìnrin bí ẹni ń ṣí ìwé, kò mọ baba wọn, wọn kò mọ baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà àwa àgbà a wá máa sọ pé, “Àwọn ọmọ òde òní kò fẹ́ gbéyàwó.” Ṣé òótọ́ ni? Tàbí àwa ni a fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú iwin?

Kì í sì í ṣe ọkùnrin nìkan. Ọmọbìnrin wa tí ó kàwé, tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ó bo orí rẹ̀, tí ó sì ń pa ara rẹ̀ mọ́, òun náà wà nínú yàrá tirẹ̀ ní òdìkejì títì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọjá lára ara wọn. Kò yẹ kí ó lọ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin, ọkùnrin rere náà kò sì mọ ọ̀nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ baba rẹ̀.

Ẹ̀sìn wa ti sọ̀rọ̀ lórí èyí, ó sì dára kí a fi etí sí bí ó ti sọ ọ́. Nínú Súrà An-Núrù, ẹsẹ̀ 32, Ọlọ́run pàṣẹ ìgbéyàwó fún àwọn tí kò lọ́kọ àti àwọn tí kò láya. Ṣùgbọ́n ta ni Ó bá wí? Àwa tí a wà láyìíká wọn ni Ó bá wí, pé kí a ṣe ìgbéyàwó fún wọn. Ó sì fi kún un pé bí wọ́n bá jẹ́ aláìní, Òun yóò fi ọlà Rẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nítorí náà, ẹrù àpọ́n kì í ṣe ẹrù àpọ́n nìkan.

Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, òun fúnra rẹ̀ ní alárinà. Nígbà tí Nana Khadijah rí ìwà òtítọ́ rẹ̀ nídìí òwò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin, Nafisah, ni ó lọ bá Ànábì wa sọ̀rọ̀, tí ó bi í léèrè ìdí tí kò fi tíì gbéyàwó. Ọ̀rọ̀ náà so èso, ilé tí ó sì ti ibẹ̀ jáde ni gbogbo Mùsùlùmí ń fi ṣe àpẹẹrẹ títí di òní. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ rí i pé iṣẹ́ yín ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti Julaybib. Nínú àwọn sàábé Ànábì, òun ni a lè pè ní àpọ́n tí kò lórí ire. Ó kúrú, kò lẹ́wà, kò ní ẹbí kankan ní Mẹ̀dínà, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ fi ọmọ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé inú eré ni ó wà, wọn ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n Ànábì kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ tọrọ ọmọ fún un lọ́wọ́ ará Mẹ̀dínà kan. Inú baba dùn, ó rò pé Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí ó gbọ́ pé Julaybib ni, ó ní òun yóò bi ìyá ọmọ. Ìyá yarí kanlẹ̀. Ọmọbìnrin náà ni ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ dá ọ̀rọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run padà. Ó gbà, wọ́n sì so yìgì wọn. Lẹ́yìn náà Julaybib lọ sójú ogun. Nígbà tí ogun parí, àwọn ènìyàn ń ka àwọn tí wọ́n sọnù, ẹnikẹ́ni kò rántí rẹ̀. Ànábì ni ó ní òun kò rí Julaybib. Wọ́n bá a níbi tí ó kú sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá méje tí ó pa. Ọwọ́ méjèèjì Ànábì ni ó gbé e títí wọ́n fi gbẹ́ sàréè rẹ̀. Ẹni tí ayé kò kà sí, alárinà rẹ̀ kà á sí.

Owó ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ á ní, “A fẹ́ gbéyàwó, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí, gbọ̀ngàn àpèjẹ, káńtà oúnjẹ, ìwé ẹrù tí ó gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn!” Ẹ rántí ọkùnrin tí kò ní ju aṣọ ìbora kan lọ, tí Ànábì ní kí ó lọ wá ohunkóhun wá, kódà kí ó jẹ́ òrùka irin, tí kò sì rí i. Ìwọ̀n Àlùkùránì tí ó mọ̀ sórí ni Ànábì fi so yìgì rẹ̀. Sàdáákì ẹ̀tọ́ ìyàwó ni, kò yẹ kí a fi du ú. Ṣùgbọ́n ariwo àpèjẹ kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá fi gbọ̀ngàn olówó gọbọi dí ọ̀nà yìgì, kí ni a retí kí ọmọ wa ṣe?

Àwọn mìíràn ti gbé e. Ní Kánò, ìjọba gba ẹrù náà rù: ní oṣù October 2023, wọ́n so yìgì ọkọ àti aya 1,800 pọ̀, wọ́n sì yẹ ìlera wọn wò kí ó tó di ọjọ́ náà. N kò ní kí a ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Èkó. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ibi tí a ti ń pàdé. Ansar-Ud-Deen ti wà láti 1923. NASFAT, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1995, ń kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ jọ fún àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Níbi àṣàlátù kọ̀ọ̀kan, ìyá méjì àti baba méjì tí ó ní òye, tí ó sì mọ bí a ti ń pa àṣírí mọ́, tó láti ṣe alárinà fún gbogbo ọ̀dọ́ ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí ó ti yẹ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ bi ọmọkùnrin léèrè ohun tí ó ń wá, ẹ bi ọmọbìnrin pẹ̀lú, kí ẹ má bàa gbé iwin fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe ìwádìí: iṣẹ́ rẹ̀, ìrun rẹ̀, ọwọ́ tí ó fi ń mú ìyá rẹ̀. Ẹ fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kún un, nítorí bí ọkọ bá jẹ́ AS tí ìyàwó sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS, kí ó sì máa bá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde fà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn ní ojú àwọn ẹbí, nítorí Ànábì sọ fún sàábé rẹ̀ Mughirah pé kí ó lọ wo ẹni tí ó fẹ́ fẹ́. Ní ìparí, ẹ má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Khansa, ọmọ Khidam, lọ bá Ànábì pé baba òun fi òun fún ẹni tí òun kò fẹ́. Ànábì sì tú ìgbéyàwó náà ká. Alárinà a máa ṣí ilẹ̀kùn ni. Kì í ti ènìyàn wọlé.

Ìwọ àpọ́n náà, má ṣe fi géètì tì ara rẹ mọ́lé. Jẹ́ kí Lèmọ́mù mọ orúkọ rẹ. Bá wọn jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Sọ fún àgbà kan tí o fọkàn tán pé o ti ṣe tán. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí agbára rẹ kò bá sì tíì tó, Ànábì ti fi ààwẹ̀ ṣe ààbò fún ọ̀dọ́ tí ó wà nírú ipò yẹn. Di í mú.

Ní apá kẹta eré Amẹ́ríkà yẹn, Josh rí ẹnìkan tí ń jẹ́ Lucy, ìgbéyàwó wọn ni eré náà sì fi parí ní 2017. Ó ṣì ń ṣe wèrè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì ni wọ́n jọ ń rù ú. Àwọn aláwàdà ti ṣe iṣẹ́ tiwọn; wọ́n ti pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ku iṣẹ́ tiwa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wo àyíká yín ní ọ̀sẹ̀ yìí: ta ni àpọ́n inú ọgbà yín, ta ni ọmọge rere tí ẹ mọ̀? Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn wá jẹun, kí iṣu alẹ́ rẹ̀ má bàa jẹ́ ti ewúrẹ́ nìkan. Bí ìyàwó bá sì mojú ọkọ tán, kí alárinà yẹ̀bá, kí ó máa retí ẹran súnnà ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Kí Ọlọ́run Allah fún àwọn tí ń wá ní ẹni rere, kí Ó sì fi ìfẹ́ àti àánú sí ilé àwọn tí ó ti rí. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.